Owó ti lọ, owó kò tíì dé: kí ló dé tí fóònù kì í sọ òótọ́ fún wa?

AtúnfóònùṣeÌkẹjà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Sátidé, mi ò sì fẹ́ kó tutù kí n tó sọ ọ́.

Ẹ̀yin tó mọ̀ mí níbí mọ̀ pé Computer Village ni mo ti ń jẹun. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń tú fóònù palẹ̀ ní òpópónà Otigba. Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ. Bí fóònù tuntun bá jáde, kò sí ohun tó dùn mọ́ mi tó kí n ṣí ìdí rẹ̀ kí n wo bí wọ́n ṣe to inú rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo wá bú ẹ̀rọ.

Ọjà Oyíngbò ni mo lọ. Obìnrin kan wà níwájú mi tó ra ata, tàtàṣé àti àlùbọ́sà, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ààbọ̀ náírà. Fóònù ló fi san án. Mo rí ojú fóònù rẹ̀ dáadáa: àmì aláwọ̀ ewé yọ, wọ́n kọ “Successful” sábẹ́ rẹ̀. Ó ti na ọwọ́ sí àpò ọjà rẹ̀ kí ìyá aláta tó ní, “Ìyàwó mi, dúró ná, tèmi ò tíì dún.”

Fóònù tọ́ọ̀ṣì kékeré ni ti ìyá náà. Rọ́bà ló fi de ìdí rẹ̀ kí bátìrì má bàa já bọ́, ata sì ti gbẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà 5. Ó gbé e sórí àtẹ, gbogbo wa ń wò ó bí ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná. Ìṣẹ́jú márùn-ún, mẹ́wàá, ogún. Obìnrin náà ní àwọn ọmọ ń dúró de òun nílé. Ìyá ní ẹnì kan ń dúró de òun náà, torí àwìn ni òun fi gbé agbọ̀n ata náà wá láti Mile 12 láàárọ̀. Kò sí ẹni tó ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Síbẹ̀, kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pe ara wọn lólè.

Lẹ́yìn bí ogójì ìṣẹ́jú, fóònù dún. Ìyá ò lè ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ó na fóònù náà sí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pè lólè, ó ní, “Bá mi kà á, ṣé tèmi ni?”

Ó dùn mí gan-an ni. Ìbéèrè mi nìyí: nígbà tí owó ti kúrò níbì kan tí kò tíì dé ibòmíì, kí ló dé tí ẹ̀rọ ò lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ní èdè tí ẹni tó ni owó gbọ́?

ỌmọÌyáAláta

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn sọ ìtàn ìyá mi ni. Múṣin ni àwa wà, kì í ṣe Oyíngbò, àmọ́ ọ̀kan náà ni. Ní ọdún tó kọjá, ọmọkùnrin kan ra ọjà ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá náírà lọ́wọ́ wọn, aláàátì dún, òun náà ló bá wọn kà á. Orúkọ báńkì wọn wà lórí rẹ̀, iye owó pé. Ìrọ̀lẹ́ tí mo dé ni mo wo àkáǹtì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọmọ yẹn ti fi nọ́ńbà míì kọ àtẹ̀jíṣẹ́ tó jọ ti báńkì ránṣẹ́ sí wọn.

Màmá ò pariwo. Wọ́n kàn ń ka ata tó kù sínú agbọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ yẹn, bí aláàátì tòótọ́ bá dún, wọ́n á ní kí ẹni tó rajà dúró dè mí kí n dé. Mo lè wà ní ibi iṣẹ́ ní Àpápá o!

KọndọTẹ́lẹ̀

Ní ti dánfó, kò sí ogójì ìṣẹ́jú níbẹ̀. Èrò tó wọkọ̀ ní Ojúẹlẹ́gba lè bọ́ sílẹ̀ ní Barracks, bóyá ìṣẹ́jú méjì péré.

Ẹ rántí oṣù Kejì ọdún 2023 tí owó bébà wọ́n bí ojú. Wọ́n ti ní kí a kó náírà 200, 500 àti 1000 àtijọ́ padà sí báńkì, tuntun ò sì tó nílùú. Orí ìlẹ̀kùn ni mo wà nígbà náà, Ojúẹlẹ́gba sí CMS. Kí oṣù yẹn tó dé, tí ẹnì kan bá sọ pé òun fẹ́ fi fóònù san owó ọkọ̀, mo lè ní kó sọ̀kalẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nọ́ńbà àkáǹtì mi ti wà lẹ́yìn ìjókòó dírẹ́bà, mo fi máàkà kọ ọ́ sára páálí.

Àwọn èrò gan-an ló gbà wá. Ẹ mọ̀ pé kọndọ máa ń so èèyàn pọ̀ tí kò bá ní ṣéńjì: “Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ gba ẹgbẹ̀rún kan yìí, ẹ pín in.” Àwọn èrò wá bẹ̀rẹ̀ sí í so ara wọn pọ̀. Ẹni tó bá ní owó bébà lọ́wọ́ á san fún èèyàn mẹ́rin, àwọn mẹ́rin á fi tiwọn sínú àkáǹtì rẹ̀ kí a tó gun afárá Èkó. Tí ti ẹnì kan kò bá wọlé, wọ́n á gba nọ́ńbà fóònù ara wọn. Mo rí ọ̀pọ̀ tó padà wá sọ fún mi ní gáréèjì pé owó náà wọlé lálẹ́. Kò sí áàpù tó kọ́ wọn.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ni ilé ẹjọ́ gíga jùlọ dájọ́ pé kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ níná títí di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Kí owó bébà tó padà délẹ̀ tán, mo ti fi iṣẹ́ kọndọ sílẹ̀.

OníPOS_Ojúẹlẹ́gba

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ, bọ̀dá alátùnṣe, mo sì bá obìnrin yẹn kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n ẹ má dá ẹni tó dúró de owó rẹ̀ lẹ́bi rárá. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Tí owó ẹgbẹ̀rún mẹ́fà bá sọnù mọ́ ìyá aláta lọ́wọ́, èrè ọjọ́ mélòó ló fẹ́ fi dí i?

Àwa tí a jókòó sábẹ́ agbòòrùn ni wọ́n ń bú jù. Oníbàárà á ki káàdì bọ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á ní “Declined”, fóònù rẹ̀ á dún pé wọ́n ti yọ owó. Èmi ni yóò kọ́kọ́ dì mú. Mi ò rí owó náà, mi ò sì lè fún un lówó tí mi ò rí.

Ohun tó ń gbà mí ni ìwé kan tí mo rà ní ilé ìtàwé, olójú-ewé 60. Mo ń kọ aago, iye owó, nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára káàdì, oníbàárà á fọwọ́ sí i. Rìsíìtì tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ jáde ò ṣeé gbọ́kàn lé, torí ooru ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ sórí bébà yẹn, kò sí yíǹkì nínú rẹ̀. Ẹ fi í sínú oòrùn Ojúẹlẹ́gba, láìpẹ́ ó ti funfun. Ìwé mi ti ọdún 2022 wà níbí, gbogbo ẹ̀ ló ṣì hàn ketekete.

AkóòdùYábàá

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, torí iṣẹ́ tó jẹ mọ́ ọn ni mò ń ṣe.

Tí ẹ bá tẹ nọ́ńbà àkáǹtì, tí orúkọ yọ, ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti béèrè ẹni tó ni ín lọ́wọ́ báńkì tirẹ̀. Tí ẹ bá wá ní kí owó lọ, báńkì yín á kọ́kọ́ yọ owó náà lára yín. Lẹ́yìn náà ni yóò rán iṣẹ́ sí NIBSS, iléeṣẹ́ tí Báńkì Àpapọ̀ àti àwọn báńkì jọ ni, tó wà láàárín gbogbo wọn. Ọdún 2011 ni NIBSS gbé ètò ìfowóránṣẹ́ kíákíá yìí kalẹ̀. NIBSS á kan ilẹ̀kùn báńkì kejì. Tí báńkì kejì bá dá “00” padà, owó ti wọlé nìyẹn.

Tí báńkì kejì ò bá dáhùn ńkọ́? Kò gbà, kò sì kọ̀. Ó dákẹ́ ni. Ẹ kò lè dá owó padà fún ẹni tó fi ránṣẹ́, torí ó lè jẹ́ pé owó ti wọlé tí èsì ló sọnù lọ́nà. Tí ẹ bá dá a padà, owó kan ti di méjì. Ẹ kò sì lè fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì nítorí ohun kan náà. Ohun tó kù ni kí ẹ máa béèrè léraléra pé, “Iṣẹ́ tí mo rán lẹ́ẹ̀kan, ibo ló dé?” Inú àkókò yẹn ni obìnrin Oyíngbò wà.

Aláàátì tún ní ọ̀nà tirẹ̀. Báńkì ló ń kọ ọ́, iléeṣẹ́ fóònù ló ń gbé e. Owó lè ti wọlé kí aláàátì má dún. Ayédèrú náà lè dún kí owó má wọlé, bó ṣe ṣe ìyá ỌmọÌyáAláta. Iye tó wà nínú àkáǹtì ni kí ẹ gbà gbọ́.

Mo sì gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n Ìkẹjà lórí “Successful” yẹn. Ìtumọ̀ rẹ̀ lójú àwa tí à ń kọ áàpù lè jẹ́ “a ti gba iṣẹ́ tí ẹ rán wa.” Lójú ẹni tó wà lọ́jà, ó túmọ̀ sí “owó ti dé.” Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní ìtumọ̀ méjì lórí ọ̀rọ̀ owó.

ỌmọÌkòyí

Mi ò fẹ́ bá yín jiyàn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ẹni tó ń wọ ọkọ̀ bọ̀ láti Èkó ni bàbá mi máa ń fi owó oúnjẹ mi rán. Ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà míì, ẹni náà á ti ná díẹ̀ nínú rẹ̀. Lónìí, mo ń fi owó ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Abẹ́òkúta láti orí ibùsùn mi láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọjọ́ tó bá bàjẹ́ ni à ń rántí.

Ní ti èdè, ṣé kò ní rọrùn kí a kọ́ àwọn ìyá wa ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n nílò? “Credit”, “debit”, “pending”. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti mọ “network”.

AtúnfóònùṣeÌkẹjà

Ẹ ṣeun, ọmọ Ìkòyí. Òótọ́ ni ẹ sọ nípa ibi tí a ti ń bọ̀, mi ò sì fẹ́ padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pẹ̀lú yín lórí èdè. Ìyá yẹn ti ń ṣírò owó láti kékeré. Ó ń ka ata ní agbọ̀n, ó ń rántí gbèsè oníbàárà ogún láìkọ ọ́ sílẹ̀. Òye rẹ̀ pé. Ẹ̀rọ ni kò mọ̀ ọ́n bá sọ̀rọ̀. Owó rẹ̀ ni wọ́n gbà sílé, ṣé òun ni kó tún lọ kọ́ èdè tí wọ́n fi ń sọ fún un pé owó rẹ̀ wà?

Ẹ wo ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024 tí wáyà abẹ́ òkun já ní ìhà Àbíján: WACS, MainOne, ACE, SAT-3, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́jọ́ kan. Íntánẹ́ẹ̀tì dákú ní Èkó, áàpù àwọn báńkì kan ò sì ṣí. Ohun tí gbogbo èèyàn rí lójú fóònù wọn ni “Something went wrong.” Kí ló wá ṣẹlẹ̀ gan-an? Ó tó nǹkan tó ṣeé sọ fún ọmọdé: wáyà tó gba abẹ́ òkun ló já. Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, oníbàárà mi kan ò bá má gbé fóònù tó pé pérépéré wá bá mi pé kí n tú u.

BàbáOlùkọ́Súrùlérè

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọpọlọ. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì.

Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un. Ẹ̀rọ ATM kan wà nítòsí wa tó máa ń béèrè èdè tí mo fẹ́. Mo máa ń tẹ Yorùbá. Inú mi dùn sí i, àmọ́ wọ́n kọ ọ́ láìsí àmì kankan lórí tàbí lábẹ́. Ẹ jẹ́ ká wo “owo”. Ṣé owó tí à ń ná ni, tàbí ọwọ́ tí a fi ń kà á, tàbí òwò tí à ń ṣe, tàbí ọ̀wọ̀ àgbà, tàbí ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀? Àwọn kan á ní ibi tí a bá lò ó sí ni yóò fi hàn. Ó dáa. Ẹ wá wo “O ti gba owo”. “O ti gba owó” ni àbí “Ó ti gba owó”? Ìwọ lo gbà á ni, tàbí ẹlòmíì? Àmì ohùn kan ṣoṣo ló yà wọ́n, ohun tí wọ́n sì ń jà lé lórí ní Oyíngbò gan-an nìyẹn.

Ọmọ ọdún mélòó sì ni ẹ̀rọ tó ń pe ìyá àgbà ní “o”? Kí ó ní “Ẹ ti gba owó”. Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, ìdàrúdàpọ̀ sì ti tán.

AkóòdùYábàá

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ ti dé ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀.

Àtẹ̀jíṣẹ́ SMS kan ń gba lẹ́tà 160. Ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà kan pàtó ló wà nínú àkójọ tí wọ́n ṣe é fún. à, è, é, ì, ò àti ù wà níbẹ̀, nítorí èdè àwọn ará Yúróòpù. á, í, ó, ú, ẹ, ọ àti ṣ ò sí níbẹ̀. Tí ẹyọ ẹ kan bá ti wọ inú àtẹ̀jíṣẹ́ náà, odindi rẹ̀ á yí padà sí ìlànà míì tí kò gbà ju 70 lọ. Tó bá di olójú méjì, 67 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀ tún ń gba ipò méjì, torí Unicode, àkójọ nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń mọ lẹ́tà, ò ní ẹyọ kan ṣoṣo fún un: ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, àmì ohùn náà ní tirẹ̀.

Aláàátì tí ẹ̀yin ń san náírà 4 fún tẹ́lẹ̀ ti di náírà 6 láti oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Ẹ bi báńkì léèrè bóyá ó fẹ́ sọ ọ́ di méjì nítorí àmì ohùn. Mo ti wà nínú ìpàdé tí wọ́n ti béèrè, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi kọjá sórí ọ̀rọ̀ míì.

OníPOS_Ojúẹlẹ́gba

Kò yé mi. Kí ló dé tó fi jẹ́ kíkọ nìkan? Ṣé kò lè sọ̀rọ̀ ni? Ìdajì àwọn oníbàárà mi ò ní wo ojú fóònù.

AkóòdùYábàá

Ó lè sọ̀rọ̀, àǹtí. Ní Íńdíà, àwọn ọlọ́jà ń gbé àpótí kékeré kan sórí àtẹ. Bí owó bá ti wọlé, àpótí á kígbe iye rẹ̀, ó sì lè jẹ́ èdè ìbílẹ̀ wọn. Inú ẹ̀rọ ni ìròyìn ti ń wá, kò gba ojú SMS. Ayédèrú aláàátì ò lè mú un sọ̀rọ̀.

BàbáOlùkọ́Súrùlérè

Kí àpótí náà tó dé, ẹ gba èyí wò fún ẹni tó fi owó ránṣẹ́:

“Owó ti kúrò lápò yín. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹni náà.”

AkóòdùYábàá

Mo kà á, bàbá: 46, pẹ̀lú àmì ohùn méjèèjì inú “ọ̀dọ̀”. Ó wọ inú 70, ó tún ṣẹ́kù ibi tí a lè kọ iye owó sí. Tí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún mi pé Yorùbá gùn jù, 46 ni mo máa fi dá a lóhùn.

KọndọTẹ́lẹ̀

“Kò tíì dé” yẹn dùn mọ́ mi. Èrò gbọ́ ọ, kọndọ gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tó máa di ara wọn mú láṣọ.

ỌmọÌyáAláta

Mo ka ti bàbá fún màmá mi lálẹ́ àná. Wọ́n ní kí n tún un kà. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Ó dáa fún ẹni tó sanwó. Èmi tí mo ń retí ńkọ́? Kí ni wọ́n máa sọ fún mi?”

Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ.

AkóòdùYábàá

Ẹ bá wa kí màmá. Ibi tó le jù ni wọ́n gbá mú yẹn. Nígbà tí báńkì wọn ò tíì dáhùn, báńkì náà ò ní nǹkan kan tó lè sọ fún wọn. Tí a bá sì ní kí SMS máa wá pé “owó ń bọ̀ lọ́nà”, àwọn jàǹdùkú á ti kọ tiwọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí wọ́n máa wo iye tó wà nínú àkáǹtì fúnra wọn ni. Fóònù tọ́ọ̀ṣì lè ṣe é, kò nílò dátà, kóòdù báńkì wọn ni wọ́n máa tẹ̀.

ỌmọÌyáAláta

Kóòdù náà gùn, wọ́n máa ń gbàgbé rẹ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n mọ̀ dáadáa, lẹ́tà ni kò yé wọn.

AtúnfóònùṣeÌkẹjà

Tó bá jẹ́ nọ́ńbà ni, a ti rí i ṣe. Mo máa tọ́jú kóòdù náà sínú fóònù wọn bí ẹni tọ́jú nọ́ńbà èèyàn, kí wọ́n kàn di ẹyọ 2 mú, kó máa pè é fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà àṣírí wọn, ìyẹn PIN, nìkan ni wọ́n máa tẹ̀, kí wọ́n má sì tẹ̀ ẹ́ lójú oníbàárà. Iye tó bá yọ, wọ́n á fi í wé iye àárọ̀. Ẹ bá mi béèrè irú fóònù tí wọ́n ń lò, nítorí tí bọ́tìnì 2 bá ti kú, mo ní láti mú òmíì dání. Múṣin ò jìnnà sí mi. Mo lè yà lọ́jọ́ Sátidé kí n tó lọ sí Oyíngbò, torí mo fẹ́ ṣe é fún ìyá ọjọ́ náà pẹ̀lú.

ỌmọÌyáAláta

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun púpọ̀. Nokia kékeré ni, 2 ń ṣiṣẹ́, 7 ni kì í tètè gbà. Màmá ní kí ẹ tètè dé kí èrò tó pọ̀, àti pé ẹ má ra ata níbòmíì lọ́jọ́ náà.